Olè Tí Kàdíját Fi Sínú Ìwé

Kàdíját mẹ́ta ló wà ní Nkololoun, ọjà wa ní Douala, nígbà náà. Ọ̀kan ń ta ata gígún, ọ̀kan ń dirun, ẹ̀kẹta ni tèmi: Kàdíját aránṣọ, ọmọ Bàbá Akọ̀wé, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí mo ti ń ta bọ́tìnnì, sípù àti òwú. Ọdún méjìlá la fi jókòó ti ara wa. Mo máa ń mọ̀ pé inú ń bí i kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Nítorí náà, nígbà tó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún 1998 pé òun ń kọ ìwé, ẹ̀rín pa mí débi pé mo da páálí bọ́tìnnì kan nù sínú ẹrẹ̀.

Kò bínú. Ó bá mi ṣà á. Ó ní ìwé ìtàn ni, ìtàn olè kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí àwọn ọmọdé mẹ́rin yóò máa tọpa rẹ̀ títí wọn yóò fi rí i mú. Ó ní àwọn ọmọ wa ni òun ń kọ ọ́ fún, ní èdè Yorùbá. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Àwọn ọmọ wo? Àwọn tí a bá ní kí wọ́n lọ bu omi wá, tí wọ́n á dá wa lóhùn ní Faransé pé omi wo? Ó ní àwọn náà ni.

Kí n má purọ́, èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ. Ní Douala ni wọ́n bí èmi Rọ̀kíbátù sí, ilé ìwé Faransé ni mo lọ, n kò sì lọ jìnnà níbẹ̀. Mo ń sọ Yorùbá bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ síwájú mi nígbà náà, ẹ kàn fi ìwé ṣòfò ni. Ọwọ́ Kàdíját ni mo ti kọ́ ọ, láàárín àwọn ọmọdé, lórí bẹ́ǹṣì tí orúnkún mi kì í gbà. Mo sọ èyí ṣíwájú, kí ẹ má bàa rò pé mo kórìíra rẹ̀ bí ohùn mi bá le níwájú. Ó ti kó lọ sí Logbaba báyìí, àdúgbò mìíràn ní Douala, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ohun tí n kò fi ojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló jókòó sọ ọ́ fún mi ní Logbaba lẹ́yìn ọdún méjì, mo sì gbà á gbọ́.

Tèmi, ọmọ mi, ló dá kíláàsì náà sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ń sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pè é ní Biafra, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa ọmọ Nàìjíríà, ìbáà ṣe Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ ti wá. Wọ́n wá ní kó sọ èdè ilé rẹ̀ kí àwọn gbọ́, kò sì rí ju "ẹ káàárọ̀" lọ sọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni. Èmi ti dìde kí n lọ bá wọn jà ní ilé ìwé náà. Kàdíját ló dì mí ní ìró mú. Ó ní ìjà kò ní kọ́ ọmọ náà ní èdè. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ọmọ mẹ́fà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní a, b, d. Láàárín oṣù méjì wọ́n ti di mẹ́tàlélógún. Èmi sì wà lẹ́yìn wọn, mo ń ta bọ́tìnnì, mo ń ka a, b, d.

Kàdíját kò ní ọmọ. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù lọ́dún kan, kò sì tíì rántí ọ̀nà ilé. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń gbé pọ̀, òun ló ń se oúnjẹ fún bàbá náà, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Muzzammil, wà ní àdúgbò Bépanda pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa bàbá náà dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bàdámọ́sí Rùfáì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Akọ̀wé ni tàgbà-tèwe ń pè é. Ó ti ṣe tíṣà ní Ìsẹ́yìn kó tó wá sí Douala, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá tó sì ń kọ kò ní àbùkù. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó ní ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú. Kò sí Yorùbá tó dé Nkololoun tí kò ní lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀: orúkọ rẹ, ìlú rẹ, ilé tí o wọ̀ sí, àti ọjọ́ tí káàtì rẹ yóò kú. Káàtì là ń pe ìwé ìgbélùú. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló máa ń wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú agbòòrùn, tí á ní, "Ìyá Tèmi, ó ku oṣù kan o." Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára káàtì ara wa. Ojú rẹ̀ la fi ń kà á. Bí ọlọ́pàá bá sì mú ẹnì kan, ìwé dúdú yẹn ni bàbá náà máa gbé lọ láti fi hàn pé ẹni náà ní ilé, ó ní ìdílé, kì í ṣe àlejò òjijì.

Ẹni tí kò gbé Douala nígbà Bakassi kò lè mọ bó ti rí. Irà kan ni, tó jìnnà sí wa, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí àwọn sójà Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè tí a ń gbé bá ti yìnbọn síra wọn níbẹ̀ lónìí, lọ́la ni ọlọ́pàá yóò ya wọ inú ọjà wa. Ó ti mọ́ wa lára. A mọ bí a ṣe ń sá, a mọ ilé Bamileke wo, nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ti ọdún 1996 ló yàtọ̀. Lọ́tẹ̀ yẹn wọn kò dúró ní ọjà. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n mú ènìyàn mọ́kànlá nínú wa, ilé ni wọ́n sì ti ń mú wọn. Wọn kò yà sí ilé ẹni tí káàtì rẹ̀ ṣì pé. Wọ́n á kọjá ilé mẹ́ta, wọ́n á kan ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹrin yẹn gan-an ni tirẹ̀ ti kú. Ẹnu yà wá. Ta ló ń sọ fún wọn? A fura sí onílé wa. A fura sí obìnrin tó ń ta ọtí ní ìkóríta. Èmi tilẹ̀ lọ bá obìnrin náà, mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tó jẹ́ pé títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú máa ń tì mí.

Ọkọ mi, Mùhúdíìnì, wà lára wọn. Ìsàlẹ̀ bàtà ló ń tà fún àwọn oníbàtà. Káàtì rẹ̀ ti kú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ń rò pé a óò tún un ṣe lẹ́yìn iléyá. Ó ń fọ ẹsẹ̀ fún ìrun Alaasari nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ti fọ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Bàbá Akọ̀wé kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní Faransé fún mi, ojú ìwé mẹ́rin gbáko, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ilé rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí a yọ nínú omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ lọ sí ẹnu bodè ní Ekok. Ibà ti wọ ọkọ mi lára nínú àhámọ́. Ìkòm ló kú sí, ní ọjọ́ kejì tó wọ Nàìjíríà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Tèmi kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ.

Èyí ló wà nílẹ̀ nígbà tí Kàdíját bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Kò sì kọ ọ́ nípa wa o. Ó bú mi nígbà tí mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní èwo ni ti ọlọ́pàá àti Bakassi nínú ìwé ọmọdé, ṣé kí àwọn ọmọ tún máa lá àlá burúkú ni. Ìlú kan tó ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Odò ló dá sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń jáde. Olè kan wà níbẹ̀ tí kì í wọ ilé kankan àfi ilé tí onílé kò sí. Kì í ṣì í rí. Báwo ló ṣe ń mọ̀? Ohun tí àwọn ọmọ mẹ́rin inú ìwé náà ń wá nìyẹn.

Bó ṣe ń kọ ọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Òpin ló kọ́kọ́ kọ. Ó ní ẹni tó bá máa gé aṣọ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí etí rẹ̀ máa dé kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ó kọ òpin náà, ó tì í mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ, ó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti parí orí kan, á gbé e fún bàbá rẹ̀ kó bá a tún Yorùbá rẹ̀ ṣe, nítorí Yorùbá Douala ni tiwa, ó ti wọ́ díẹ̀. Bàbá náà á fi bírò pupa sí i lára títí ojú ìwé á fi dà bí ẹni tó ní ṣọ̀pọ̀nná. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tó bá ti ń kà á, ó sì ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun di òǹkọ̀wé.

Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn Alaasari, Kàdíját á ka orí kan fún àwọn ọmọ, á sì dá a dúró níbi tó máa dùn wọ́n. Ó ní kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó rò pé ó jẹ́ olè sínú bébà, kó jù ú sínú agolo bọ́tìnnì mi. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ń kọ: apẹja aláìsọ̀rọ̀, wèrè tó ń sùn ní ọjà, àjèjì tó ń ta iyọ̀. Èmi ní tèmi mú opó kan tó ń jókòó sójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà. Mo bá Kàdíját jà lórí opó yẹn. Mo ní bí kì í bá ṣe òun, kí ló ń wò? Kàdíját kàn ń fi eyín gé òwú. Kò sí ọmọ kan tó mú Bàbá Èbúté. Bàbá Èbúté ni akọ̀wé tó ń jókòó sí etí odò nínú ìtàn náà, tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, kí ìlú lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dànù. Ó máa ń fún àwọn ọmọdé ní gúgúrú. Ta ló máa fura sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Òun sì ni olè náà. Bí ìtàn ṣe parí nìyẹn. Ìwé tó wà fún ààbò wọn ló ń wò, tó fi ń mọ ilé tó ṣófo.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Sátidé ìkẹyìn, Kàdíját gbé orí ìkẹyìn fún bàbá rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó bá a lórí tábìlì nílé. Ó ṣí i. Kò sí bírò pupa kankan lára rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́sàn-án, kò sí àmì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé òun ti ṣì í ní ibi méjì. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti wá mọ Yorùbá nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ti lọ ra ọjà ní Mboppi, òun nìkan ló wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá náà wá láìmú agbòòrùn dání, bẹ́ẹ̀ òjò ti ń fọ́n. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó bi í.

Kàdíját rò pé ìtàn ló ń sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, òun lòun rò ó fúnra òun. Bàbá náà bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ṣé bàbá rántí pé òpin lòun kọ́kọ́ kọ.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," ni bàbá náà wí, "tí o sì ń gbé oúnjẹ wá fún mi."

Kàdíját rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé òun rẹ́rìn-ín, ohun tó sì ń dun òun jù nìyẹn. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó ní, "Muzzammil ni mo fi gbà, Kàdíját. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá, kí n mú ọmọ mi lọ."

Kàdíját ní òun kò pariwo. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ṣì ń tẹ ẹ̀rọ. Ìgbà tí yóò fi wo ìsàlẹ̀, ó ti rán ẹnu apá bùbá oníbùbá pa, àtìgbà tí a ti jọ ń jókòó kò sì ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá náà ń sọ ọ́ lọ, bí ẹni pé ó ti ń wá ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní 1996 yẹn, wọ́n mú Muzzammil ní ọjà Bépanda lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé a gbọ́, káàtì rẹ̀ sì pé. Ọ̀gá kan ní ibùdó ọlọ́pàá kan sọ pé wọ́n ń fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án, pé ó ń ran àwọn sójà Nàìjíríà lọ́wọ́, pé a kò ní rí i mọ́ láé. Àfi tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ kí òun wo ìwé dúdú yẹn. Ó jẹ́ kó wò ó. Ó tilẹ̀ bá a tú Yorùbá ibẹ̀ sí Faransé. Ó ní òun rò pé wọn yóò kàn ti àwọn mọ́kànlá náà mọ́lé fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Òun kò mọ ti Ekok. Òun kò mọ ti ibà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ Kàdíját. Ó ní kó yí i padà kó tó di Sátidé. Kí apẹja jẹ́ olè náà, tàbí àjèjì oníyọ̀ yẹn, ta ló máa mọ̀? Ó ní bí àwọn àgbàlagbà tó ń jókòó lẹ́yìn bá gbọ́ pé akọ̀wé ni, pé ìwé orúkọ ni, ẹnì kan yóò ronú. Ó ní, "Ìyá Tèmi ń jókòó níbẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, Kàdíját gbìyànjú. Mo wà níbẹ̀, mo rí i tó ń kọ̀wé láti àárọ̀, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé olè náà ti jí oorun rẹ̀ ni, tí ojú rẹ̀ fi pọ́n báyìí. Ó fi àjèjì tó ń ta iyọ̀ ṣe olè. Àwọn ará ìlú mú àjèjì náà, wọ́n lù ú, wọ́n lé e kọjá odò, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ojú àjèjì náà ni ojú ọkọ mi. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí wa ní Douala gan-an lòun fẹ́ fi kọ́ ọmọ mẹ́tàlélógún pé ó dára. Ó fa ojú ìwé náà ya, ó wò mí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní inú ló ń run òun. Mo lọ ra àgbo wá fún un. Ẹ gbọ́ mi o, èmi ni mo lọ ra àgbo.

Sátidé dé. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró. Àwọn ọmọ ti kún bẹ́ǹṣì, àwọn àgbàlagbà tó tó mẹ́wàá dúró lẹ́yìn wọn, nítorí ìtàn náà ti wọ gbogbo wa lára. Bàbá Akọ̀wé wá pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí a tọ́jú fún un. Kàdíját kò bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó gbé ìwé náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á, Bàbá," ó wí. "Mi ò yí nǹkan kan padà. Ohun tí ẹ bá kà ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíì nínú wa tó lè rí ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Bó bá pe àjèjì oníyọ̀, àjèjì oníyọ̀ náà ni. Kàdíját lọ dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, níbi tó ti lè rí ojú ìwé, ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ mọ́ra.

Bàbá náà ní ohùn tó dùn ún gbọ́. Ó ka bí àwọn ọmọ mẹ́rin náà ṣe fara pamọ́ sí èbúté, bí wọ́n ṣe rí iná àtùpà, bí ẹnì kan ṣe ń ṣí ìwé tó ń fi ìka wá orúkọ. Àwọn ọmọ tiwa ti gbé ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ó dé ibi orúkọ. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan fi wúkọ́, tí àwọn yòókù sì ní kó dákẹ́.

"Bàbá Èbúté ni," ó wí.

Ariwo sọ. Àwọn ọmọ kan ní rárá, irọ́ ni. Mo rí i tí Kàdíját di ojú, tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá náà ka ìyókù, bí wọ́n ṣe mú un àti bó ṣe sunkún, títí ojú ìwé fi tán. Èmi ti ń kó bọ́tìnnì mi jọ. Ìgbà náà ni mo rí i tí Kàdíját la ojú, tó tẹ̀ síwájú wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti ṣí ojú ìwé mìíràn, òfìfo ni, ó sì ń kà lọ.

Ó kà á pé akọ̀wé kan wà ní ìlú mìíràn, tí òun náà ní ìwé kan tó ní èèpo dúdú. Pé wọ́n mú ọmọ rẹ̀, ó sì yọ orúkọ mọ́kànlá nínú ìwé náà fún àwọn tó mú un. Ó ní kí àwọn ọmọ fetí sílẹ̀, nítorí akọ̀wé náà kò gbàgbé orúkọ kankan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Adérógbà alágbàfọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn jọ orúkọ ni. Ọlárìndé tó ń tún rédíò ṣe. Ìyá Bánjọ oníbúrẹ́dì. Mo rí i pé ọwọ́ mi ṣì di agolo mú ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi sọ pé, "Bàbá Akọ̀wé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kò dúró. Ó ń kà, òjò ń rọ̀, omi sì ń ti ojú rẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n.

Nígbà tó pe ẹ̀kẹwàá tán, ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó wò mí. Mo mọ̀ kó tó la ẹnu. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ojú ìwé mẹ́rin yẹn ni mo rí, àti sìmẹ́ǹtì tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Mùhúdíìnì," ó wí, "tó ń ta ìsàlẹ̀ bàtà."

Ní bẹ́ǹṣì iwájú, Tèmi na ọwọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀, bí Kàdíját ṣe kọ́ wọn, ó yí ojú padà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn.

"Bàbá mi nìyẹn," ó wí. "Wọ́n fi bàbá mi sínú ìwé."